Tí Ojú Ẹnìkan Nílé Yín Bá Ti Ń Fọ́: Ẹ Kọ́kọ́ Mọ Ohun Tó Ṣì Ń Rí

Tí wọ́n bá ní ojú ẹnìkan ti fọ́, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni pé inú òkùnkùn biribiri lẹni yẹn wà, tọ̀sán tòru, kò rí nǹkan kan mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Àwọn tí ò rí nǹkan kan rárá wà lóòótọ́, àmọ́ àwọn kọ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tí à ń pè ní afọ́jú. Àwọn kan ṣì ń mọ̀ tí iná bá wà nínú yàrá, àwọn kan ń rí òjìji èèyàn tó ń kọjá, àwọn kan máa rí àwọ̀ aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ àmọ́ wọn ò ní dá ojú yín mọ̀, ó sì tún ku àwọn kan tó jẹ́ pé wọ́n máa jókòó ka lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín inú bébà, tí wọ́n bá wá dìde báyìí wọ́n á lọ kọ lu ilẹ̀kùn. Ìyẹn ló máa ń jẹ́ káwọn ará ilé sọ pé "irọ́ ló ń pa jàre, ṣebí òun náà ló rí owó tó bọ́ sílẹ̀ lánàá". Kò parọ́. Bí ojú tiẹ̀ ṣe bàjẹ́ ló rí bẹ́ẹ̀.

Àwọn dókítà ní bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ẹ máa ti rí pátákó tí wọ́n kọ lẹ́tà sí rí, tí tòkè tóbi tí tìsàlẹ̀ kéré. Tí wọ́n bá kọ 6/60 sínú káàdì èèyàn, ó túmọ̀ sí pé lẹ́tà tí ẹni tójú ẹ̀ dáa máa rí láti mítà 60, onítọ̀hún gbọ́dọ̀ sún mọ́ ọn dé mítà 6 kó tó rí i. Lọ́dọ̀ àjọ ìlera àgbáyé, WHO, tí ojú tó dáa jù nínú méjèèjì ò bá tó 3/60, wọ́n á ka ẹni yẹn mọ́ àwọn tójú wọn ti fọ́. Tó bá jẹ́ pé kò tó 6/18 àmọ́ tí ò tíì burú tó yẹn, ìríran ẹ̀ ti dín kù nìyẹn, kò tíì fọ́. Ẹ wá wò ó, ẹni tí ò tó 3/60 yẹn gan-an ṣì lè ka ìka ọwọ́ yín tẹ́ ẹ bá nà án síwájú ẹ̀ ní nǹkan bíi mítà kan sí méjì. Afọ́jú ni wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀, ó sì ń ka ìka ọwọ́.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó gbé àga kúrò lọ́nà, kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á lọ́wọ́ kiri ilé, ẹ jókòó tì í kẹ́ ẹ bi í léèrè. Ṣé àárín ohun tó ń wò ni ò hàn ni, àbí ẹ̀gbẹ́? Ṣé oòrùn ló ń dà á láàmú, àbí ìgbà tílẹ̀ bá ṣú? Ṣé ojú méjèèjì ni? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé díẹ̀díẹ̀ ló ń lọ ni àbí òwúrọ̀ ọjọ́ kan ló jí tó rí i pé kò hàn mọ́? Ẹ ní kó fọwọ́ bo ojú kan, kó fi ìkejì wo kàlẹ́ńdà ara ògiri, kó sọ ohun tó rí, kó wá pààrọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ ṣe é fúnra yín kẹ́ ẹ rí i, torí ojú kan lè ti máa kú lọ kí ìkejì máa ṣiṣẹ́ fún méjèèjì, kéèyàn má mọ̀ fún ọdún gbọọrọ. Gbogbo ohun tó bá sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, dókítà máa bi yín.

Ohun tó ń ba ojú jẹ́ láàárín wa

Láàárín ọdún 2005 sí 2007 wọ́n ṣe ìwádìí ńlá kan káàkiri Nàìjíríà lórí àwọn tó ti pé ọmọ ogójì ọdún sókè. Nínú 100 irú wọn, ó lé ní mẹ́rin tójú wọn ti fọ́. Èyí tó yẹ kó dun gbogbo wa ni pé nínú 100 tójú wọn fọ́ yẹn, ti àwọn bíi 84 jẹ́ ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ rárá, ìyẹn ni pé bóyá ó ṣeé dènà tàbí ó ṣeé wò. Cataract nìkan fẹ́ẹ̀ kó ìdajì, 43 nínú 100. Glaucoma ló tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká mú cataract. Lẹ́ńsì kékeré kan wà nínú ẹyinjú, lẹ́yìn dúdú ojú, bí ọjọ́ orí bá ṣe ń gòkè ó máa ń ṣú, àwọn nǹkan á wá máa rí bí ìgbà téèyàn ń wo ìta látojú fèrèsé tí ọ̀rá bò. Iná mọ́tò á máa tàn káàkiri lójú ẹ̀ lálẹ́. Nígbà tó bá yá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wò ó á rí i pé àárín ẹyinjú ti funfun. Èyí ò gbọ́dọ̀ sọ ẹnikẹ́ni di afọ́jú mọ́ láyé tá a wà yìí. Wọ́n máa fi oògùn mú kí ojú yẹn nìkan má mọ ìrora, wọ́n á yọ lẹ́ńsì tó ti bàjẹ́, wọ́n á fi tuntun sí i, iṣẹ́ yẹn gan-an kì í sábà ju bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, ọ̀pọ̀ ló máa ń lọ sílé lọ́jọ́ náà. Àwọn tó ń sọ pé kẹ́ ẹ jẹ́ kó "gbó" dáadáa kẹ́ ẹ tó lọ, ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn, ẹ má dúró dè é. Tó bá ti ń dí iṣẹ́ ẹ̀ lọ́wọ́, tí ò lè mọ owó mọ́, tí ò lè rìn dáadáa mọ́, ó ti tó lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti lẹ́ńsì yẹn wọnú ojú. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣì ń kiri, wọ́n á wá sílé yín, owó wọn ò pọ̀, tí wọ́n bá sì ṣe é tán aláìsàn lè sọ lójú ẹsẹ̀ pé òun ń rí ìmọ́lẹ̀, gbogbo ilé á máa yọ̀. Lẹ́ńsì yẹn ò kúrò níbẹ̀ o, wọ́n kàn tì í ṣubú sẹ́yìn inú ojú ni, lẹ́yìn náà ojú á wú, ìfúnpá inú ẹ̀ á gòkè, kòkòrò á wọlé, ó sì máa ń fọ́ pátápátá. Nínú ìwádìí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, nínú gbogbo ojú tí wọ́n ti ṣe nǹkan kan sí nítorí cataract, ó lé ní 40 nínú 100 tó jẹ́ pé irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ló ṣe é. Ìyá tó yẹ kó máa rí ọmọ ọmọ ẹ̀ lónìí ló ń fọwọ́ tálẹ̀ kiri yẹn.

Glaucoma ló kàn mí jù, torí òun ló mú bàbá mi. Omi kan wà nínú ẹyinjú tó ń wọlé tó ń jáde, tí ọ̀nà tó ń gbà jáde ò bá ṣe dáadáa mọ́, ìfúnpá á gòkè, iṣan tó ń gbé ohun tójú rí lọ sínú ọpọlọ á wá máa kú díẹ̀díẹ̀. Irú tó wọ́pọ̀ láàárín wa kì í dunni, kì í yúnni, ojú ò ní pọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, àárín ló ń kù gbẹ̀yìn, ìdí nìyẹn téèyàn á fi máa ka Bíbélì tàbí Kùránì ẹ̀ láìsí wàhálà, kó sì jẹ́ pé ó ti ń kọ lu àga, ó ti ń tẹ ọmọ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, táwọn ará ilé á máa ní kì í fara balẹ̀. Nínú 100 àwọn tí wọ́n rí i lójú wọn nínú ìwádìí yẹn, bíi mẹ́fà péré ló mọ̀ pé àwọn ní i, ìkan nínú márùn-ún sì ti fọ́jú. Ohun tó bá ti kú nínú iṣan yẹn, kò sí oògùn tàbí iṣẹ́ abẹ tó lè dá a padà, iṣẹ́ tí ìtọ́jú ń ṣe ni pé kí èyí tó ṣẹ́ kù má baà lọ.

Ó ń rìn nínú ẹbí. Tí bàbá, ìyá, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò yín bá ní i, ẹ̀yin náà ẹ lọ yẹ ojú wò, ẹ má sọ pé ẹ̀ ń ríran dáadáa, òun náà ń ríran dáadáa nígbà yẹn. Kì í sì í ṣe àyẹ̀wò tàwọn tó ń ta gíláàsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni mò ń sọ. Ẹ lọ síbi tí wọ́n á ti wọn ìfúnpá inú ojú, tí wọ́n á wo iṣan tó wà lẹ́yìn ẹyinjú, tí wọ́n á ṣe àyẹ̀wò bí ojú ṣe ń rí ẹ̀gbẹ́ sí. Àwọn ọsibítù ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, LUTH l'Ékòó àti OAUTHC n'Ílé-Ifẹ̀ ní ẹ̀ka ojú, àwọn ọsibítù ojú aládàáni náà sì wà.

Tí wọ́n bá fún un ní oògùn tí wọ́n ń kán sójú, ojoojúmọ́ ni, títí ayé ni, ẹ má jẹ́ kó dáwọ́ dúró torí pé kò rí ìyàtọ̀. Kò ní rí ìyàtọ̀ kankan, kì í ṣe oògùn tó ń la ojú. Bẹ́ ẹ ṣe máa kán an rèé: ẹ fọ ọwọ́, kó gbé orí sẹ́yìn, ẹ fi ìka fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ kó ṣe bí àpò, ẹ kán ẹyọ kan péré sínú ẹ̀ láìjẹ́ kí ẹnu ìgò kan ojú, kó wá pa ojú dé jẹ́ẹ́, kó má máa ṣẹ́jú, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ igun ojú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú fún bí ìṣẹ́jú méjì kí oògùn má baà sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀fun. Tó bá jẹ́ oògùn méjì, ẹ fi tó ìṣẹ́jú márùn-ún sáàárín. Tó bá sì ní ikọ́ fée, ìyẹn asthma, ẹ sọ fún dókítà kó tó kọ oògùn, torí ọ̀kan tí wọ́n máa ń lò dáadáa, timolol, lè dí ẹni tó ní ikọ́ fée lọ́nà mímí.

Àwọn yòókù, màá sáré sọ ọ́. Ìtọ̀ ṣúgà máa ń ba àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú jẹ́, ẹni tó bá ní i gbọ́dọ̀ ṣe àyẹ̀wò ojú lọ́dọọdún kódà tí nǹkan kan ò ṣe é. Ọmọ àfín, látìgbà tí wọ́n ti bí i ni ìríran ẹ̀ ti yàtọ̀, oòrùn ń dà á láàmú, ẹyinjú ẹ̀ máa ń gbọ̀n, gíláàsì á ràn án lọ́wọ́ àmọ́ kò ní sọ ojú ẹ̀ di bíi tàwọn tó kù, torí náà ẹ bá tíṣà sọ ọ́ kó jókòó níwájú, kó máa lọ wo pátákó nítòsí tó bá fẹ́, kó sì máa dé fìlà tó bá ń jáde. Ọmọ ọwọ́ tẹ́ ẹ bá rí i tí àárín ẹyinjú ẹ̀ ń tàn funfun, pàápàá nínú fọ́tò, ẹ gbé e lọ ọsibítù lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ má dúró kó dàgbà, torí ó lè jẹ́ cataract tí wọ́n bí mọ́ ọn, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ ojú, méjèèjì ò gba fífi falẹ̀.

Ẹ má sì kán nǹkan kan tẹ́ ẹ ò mọ̀ sójú. Omi ọyàn, ìtọ̀, omi ṣúgà, kẹrosín-ìn, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń dà sójú, tí kòkòrò á sì gbabẹ̀ wọlé. Oògùn tẹ́ ẹ̀gbọ́n yín lò kù nígbà tí àpólò mú un náà, ẹ gbé e sọnù. Àwọn kan nínú oògùn wọ̀nyẹn ní dexamethasone tàbí betamethasone nínú, lọ́jọ́ náà lojú á rọ̀, pupa ẹ̀ á lọ, ẹ̀ ń tún un rà ní kẹ́míìsì, oṣù ń gorí oṣù, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ló ń fa glaucoma àti cataract fún yín. Tí ásíìdì bátìrì, kẹ́míkà, ọṣẹ tàbí símẹ́ńtì bá ta sí ẹnìkan lójú, omi mímọ́ ni o, lójú ẹsẹ̀, ẹ la ojú ẹ̀ kẹ́ ẹ máa dà á sí i fún ogún ìṣẹ́jú ó kéré tán, kẹ́ ẹ tó máa wá mọ́tò. Tí nǹkan bá gún un, ẹ má fà á yọ. Tójú bá ṣàdédé ṣókùnkùn, tàbí tó ń rí nǹkan tó ń bù yẹ̀rì tí aṣọ dúdú sì ń bo ojú ẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan, ọsibítù lọ́jọ́ yẹn ni, kì í ṣe ọ̀la.

Mo mọ̀ pé níbòmíràn wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó wà nídìí ẹ̀, àbúrò bàbá tàbí ìyàwó kékeré. Ẹ gbàdúrà yín, kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ má gbà á. Àmọ́ ọdún tẹ́ ẹ̀ ń ná lórí òkè yẹn ni iṣan ojú ẹ̀ fi ń kú, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ẹ́ wò.

Nínú ilé

Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti lo ohun tẹ́ ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan rèé. Tó bá ṣì ń rí díẹ̀, iná àti àwọ̀ ló máa ràn án lọ́wọ́ jù. Ẹ fi pẹ́ńtì funfun tàbí yẹ́lò kun etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan. Ẹ gbé ẹ̀kọ mímu fún un nínú abọ́ aláwọ̀ dúdú, tíì dúdú nínú ife funfun, kó lè mọ ibi tó kún dé. Gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa lẹ́yìn èjìká ẹ̀ tó bá ń kàwé, kì í ṣe níwájú kó máa ta á lójú. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ ni ò rí, gbogbo nǹkan tó wà nílẹ̀ lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó kúrò, kẹ́ẹ̀gì omi, bàtà ọmọdé, wáyà jẹnẹrétọ̀. Tó bá jẹ́ àárín ni ò rí, ó máa yẹ̀gbẹ́ wò yín tẹ́ ẹ bá ń bá a sọ̀rọ̀, kò ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀gbẹ́ yẹn ló fi ń rí yín.

Tí kò bá rí nǹkan kan, ẹ fi gbogbo nǹkan sójú kan. Tẹ́ ẹ bá sún àga, ẹ sọ fún un. Ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i pátá tàbí kẹ́ ẹ tì í pátá, ilẹ̀kùn tó bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ ló máa ń la àwọn èèyàn níwájú orí. Ẹ má kó nǹkan ẹ̀ pamọ́ kẹ́ ẹ wá ní ẹ̀ ń tún yàrá ẹ̀ ṣe.

Ìkíni náà ṣe pàtàkì, torí àgbà ni ọ̀pọ̀ wọn, ọ̀wọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ dárúkọ yín: "Ẹ káàárọ̀ mà, èmi Bọ́lá ni o, mo kúnlẹ̀." Tẹ́ ẹ bá dọ̀bálẹ̀ láìsọ̀rọ̀, wọn ò mọ̀, wọ́n á rò pé ẹ kọjá lára àwọn ni, torí náà ẹ fi ẹnu sọ pé "mo dọ̀bálẹ̀ sà". Eré tí wọ́n máa ń ṣe yẹn, "ẹ gbọ́ ohùn mi, ta ni mí?", ẹ jọ̀ọ́ ẹ má ṣe é, ojú ń tì wọ́n tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, pàápàá níwájú àlejò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáde nínú yàrá, ẹ sọ pé ẹ̀ ń jáde, kí wọ́n má baà máa bá àga sọ̀rọ̀. Àlejò tó bá sì wá, tó ń bi yín pé "ṣé wọ́n ti jẹun?" nígbà tí wọ́n jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń gbọ́, ẹ ní kó bi wọ́n fúnra wọn, ojú ló fọ́, etí ń gbọ́.

Oúnjẹ ò le. Ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ àti ibi tó wà: "Àmàlà rèé níwájú yín, ọbẹ̀ wà lápá òsì, ẹran méjì wà nínú ẹ̀, omi ìfọwọ́ wà lápá ọ̀tún, ife omi wà lẹ́yìn ẹ̀." Ẹni tó bá mọ agogo dáadáa, ẹ lè fi agogo júwe abọ́ fún un, pé ẹja wà ní aago mẹ́ta, dòdò wà ní aago mẹ́sàn-án. Ẹ yọ egungun ẹja, tàbí kẹ́ ẹ sọ pé ó ní egungun. Kẹ́ ẹ wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n jẹun.

Bàbá mi ló ń po tíì ara wọn. Tó bá jẹ́ omi tútù, wọ́n á fi ìka kan kọ́ etí ife díẹ̀ sínú, wọ́n á rọra máa bu omi títí á fi kan ìka. Tó bá gbóná, wọn ò ní fi ìka sí i, wọ́n á gbé ife sínú abọ́ fífẹ̀ kan, wọ́n á fọwọ́ wá ẹnu fúláàsì, wọ́n á gbé e lé etí ife kó kàn án, wọ́n á wá dákẹ́ jẹ́ẹ́ máa fetí sí i, torí bí ife bá ṣe ń kún ni ohùn omi ń tín-ínrín sí i. Tó bá tiẹ̀ dà nù, inú abọ́ ló máa dà sí. Ìyá mi ò kọ́kọ́ gbà, wọ́n ń já fúláàsì gbà lọ́wọ́ wọn pé omi á jó wọn, bàbá náà á kàn gbé ọwọ́ lé itan, wọn ò ní sọ̀rọ̀ mọ́ títí di ọ̀sán. Ohun tẹ́nì kan lè ṣe fúnra ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń bá a ṣe é tìfẹ́tìfẹ́ lójoojúmọ́, ẹ̀ ń gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni.

Owó: náírà 100, 200, 500 àti 1,000, ìwọ̀n kan náà ni gbogbo wọn, ọwọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ yà wọ́n, pàápàá èyí tó ti gbó. Ẹ jọ fẹnu kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa ká a. Ẹ lè ní kí 1,000 wà ní nínà, 500 ní kíká lẹ́ẹ̀kan, 200 ní kíká lẹ́ẹ̀mejì, 100 lápò ọ̀tọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń fún un ní ṣéńjì, ẹ máa pè é ní ọ̀kọ̀ọ̀kan bẹ́ ẹ ṣe ń fi lé e lọ́wọ́.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mú un rìn

Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe lódì nìyí. Wọ́n á rọ́ gbá apá onítọ̀hún mú, wọ́n á máa tì í síwájú bí ẹni ti ọmọlanke. Òun ló wá ń ṣáájú lọ sínú ohun tí ò rí yẹn. Ẹ kọ́kọ́ bi í: "Ṣé kí n mú yín dání?" Tó bá ní rárá, ó parí. Tó bá gbà, ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ yín kan ẹ̀yìn ọwọ́ tiẹ̀, òun ló máa gòkè wá di apá yín mú, lókè ìgúnpá díẹ̀. Ẹ wá rìn síwájú ẹ̀ pẹ̀lú ìdajì ìṣísẹ̀. Bí ara yín bá ṣe yí, bí ẹ bá ṣe gòkè tàbí tẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, apá yẹn máa sọ fún un. Tọ́nà bá há, ẹ gbé apá yẹn sẹ́yìn, á mọ̀ pé kóun tò sẹ́yìn yín. Tẹ́ ẹ bá dé ibi àtẹ̀gùn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ sọ bóyá ó ń gòkè ni tàbí ó ń sọ̀ kalẹ̀, "ó tán" ni kẹ́ ẹ sọ tẹ́ ẹ bá dé òpin. Àga, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ lé ẹ̀yìn àga, á jókòó fúnra ẹ̀. Mọ́tò, ẹ gbé ọwọ́ ẹ̀ kan lé ilẹ̀kùn, ìkejì lé òrùlé mọ́tò kó má baà forí gbá a.

Gọ́tà wa tí ò ní ìdérí, ẹ pè é kó tó débẹ̀, "gọ́tà ń bọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ gígùn kan", ẹ má pariwo "ẹ ṣọ́ra!" lásán, kò mọ ohun tó máa ṣọ́ra fún, ó lè jẹ́ ìyẹn gan-an lá jẹ́ kó kó sínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ẹni tó ń lo ọ̀pá funfun, ẹ má di ọ̀pá yẹn mú o, ojú ẹ̀ nìyẹn. Ọ̀pá yẹn ló ń fi wá ilẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, etí ló fi ń gbọ́ bí ọ̀nà ṣe ń lọ, ìdí nìyẹn tí jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò àti gbohùngbohùn iwájú ṣọ́ọ̀bù fi máa ń ṣì í lọ́nà. Awakọ̀ tó bá sì rí ọ̀pá funfun létí títì, kó dúró pátápátá kó jẹ́ kó kọjá, kó má máa fun fèrè.

Fóònù, ilé ìwé, iṣẹ́

Fóònù Android tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yẹn lè máa ka ohun tó wà lójú ẹ̀ sókè. TalkBack lorúkọ ẹ̀, inú Settings ló wà, lábẹ́ Accessibility. Ti iPhone ni VoiceOver. Kẹ́ ẹ tó ṣí i, ẹ mọ̀ pé ìka á máa ṣiṣẹ́ lọ́nà mìíràn: tó bá fọwọ́ kan nǹkan lẹ́ẹ̀kan, fóònù á pè é, tó bá wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì léraléra, ibikíbi lójú fóònù, á ṣí i, tó bá fi ìka kan gbá a sápá ọ̀tún, á lọ sórí nǹkan tó kàn. Ọ̀pọ̀ ló ń sá fún un torí wọ́n ṣí i tán wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa pa á. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gba ìpè, lẹ́yìn náà bí wọ́n ṣe ń gbọ́ voice note orí WhatsApp, kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ nǹkan míì. Ẹ̀yin ọmọ, tẹ́ ẹ bá fi fọ́tò ìwé ìpè ìgbéyàwó ránṣẹ́ sí orí ìkànnì ẹbí, ẹ kọ ọjọ́ àti ibi tó wà sábẹ́ ẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ fi ohùn sọ ọ́. Áàpù kan tún wà, Be My Eyes, tó bá kọ kámẹ́rà fóònù sí ara ìgò oògùn, ẹni tó ń ríran lápá ibòmíràn láyé á wò ó, á sọ fún un ohun tó wà lára ẹ̀.

Ọmọ tójú ẹ̀ fọ́ gbọ́dọ̀ lọ síléèwé. Braille ló máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé, àmì mẹ́fà tó yọ sókè tí Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tójú tiẹ̀ náà fọ́ ní kékeré, ṣètò ẹ̀ nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́. Ní Surulere l'Ékòó, Pacelli School ti ń kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ látọdún 1962. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń kọ́ àwọn tíṣà wọn wà n'Ílùú Ọ̀yọ́. JAMB ní ètò ọ̀tọ̀ fún wọn láti ṣèdánwò. Òfin tó dáàbò bo àwọn akàndá ẹ̀dá lọ́wọ́ ìyàsọ́tọ̀, tí ààrẹ buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, sì wà nílẹ̀, tí iléèwé bá lé ọmọ yín padà torí ojú ẹ̀, ẹ dárúkọ òfin yẹn fún wọn. Cobhams Asuquo tó ń ṣe orin, ojú ẹ̀ ti fọ́ látìgbà tí wọ́n ti bí i, òun ló bá Aṣa olórin ṣe àwo orin ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 2007, ẹ jẹ́ kọ́mọ náà gbọ́ ìyẹn.

Àgbàlagbà tójú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ló máa ń gbàgbé ara ẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó lè má jẹun, ó lè ní ọ̀rọ̀ òun ti tán láyé. Ẹ má bá a jà, ẹ má sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọdún. Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ Nigeria Society for the Blind wà ní Òṣòdì, wọ́n ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní Braille, kọ̀ǹpútà, bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀pá rìn àti iṣẹ́ ọwọ́. Ẹ lọ béèrè ìgbà tí wọ́n ń gba èèyàn, kẹ́ ẹ sì mú un dání lọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ tí wọ́n bi í lórúkọ àti ohun tó fẹ́ kọ́, ẹ dákẹ́ kóun fúnra ẹ̀ dáhùn.